Kókó Abíyá Sabina Ikúmápàyí

Nígbà tí Sabina Ikúmápàyí na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn, ohun kan tó tóbi tó ẹ̀kùrọ́ yí lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó sì dùn ún wọ eegun. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ká mọ́ ìdí olè, kó tó ti ìka ọwọ́ òsì bọ abẹ́ bùbá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kókó ni. Ó le, ó gbóná, ó sì ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn bó bá ti tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin mìíràn létí ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàrígà ì bá ti sọ pé ooru ni, tàbí pé òun fi apá sùn. Sabina kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló dúró níwájú àwọn aláyan-ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lábẹ́ òrùlé páànù tí wọ́n ti ń yan ẹja, tó ní, "Kókó ọrùn, kókó abíyá, kókó itan. Ẹni tó bá rí i, tí kò sì rí ohun tó fà á, kó má jókòó sílé o. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀." Ẹnì kan bi í pé àyẹ̀wò kí ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n." Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, rédíò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ éèdì láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Sabina, ṣùgbọ́n Bàrígà ni wọ́n bí i sí, nínú ilé pákó tí wọ́n fi òpó gbé sórí omi. Ìyá rẹ̀ yan ẹja títí ó fi kú. Òun náà bá ẹja yíyan lọ. Mákánjúọlá, ọkọ rẹ̀, ń da àwọ̀n lọ́sà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Wonder, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí a dìbò yàn wọ káńsù, wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú obìnrin kan wá, kí nọ́ọ̀sì ìjọba kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìlera, kó lè máa sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó yé wọn. Àwọn aláyan-ẹja mú Sabina. Kì í ṣe pé ó kàwé jù wọ́n lọ. Ohùn rẹ̀ ló lè bo ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Falilat ló ń kọ́ wọn ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Bàrígà. Ọmọ onílẹ̀ Ṣómólú ni, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá gún.

"Ìyá Wonder, kí ni iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ funfun?"

"Ó ń bá àrùn jà, mà."

"Ẹ ti ṣì í. Èmi ni mo dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún yín, ẹ sì kó sínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan kì í funfun. Pupa ni tiyín, pupa ni tèmi. Àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n funfun. Ẹ tún un sọ."

"Àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá àrùn jà, mà."

"Níbo ni ara ti ń ṣe wọ́n?"

"Nínú mùdùnmúdùn eegun."

"Ẹ jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni Sabina ṣe mọ̀ pé àwọn pupa ni wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, pé àwọn funfun ni ọmọ ogun, àti pé àwọn wẹ́wẹ́ kan wà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ara bá bó. Ó mọ̀ pé yàtọ̀ sí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àwọn iṣan tín-ín-rín mìíràn wà tí omi ara ń gbà, omi tó ń kó ìdọ̀tí inú ẹran ara lọ. Omi yìí gbọ́dọ̀ gba inú àwọn kókó kọjá kó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ rántí bí àwọn sójà ṣe ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú láyé ìjọsí?" Nọ́ọ̀sì bi wọ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni kókó ṣe ń dá àrùn dúró, kó má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀."

Obìnrin kan láti Ìlàjẹ Òkè-Omi béèrè pé, "Ṣé kókó náà ń gba rìbá, Nọ́ọ̀sì?"

"Kò gba rìbá. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Nọ́ọ̀sì gbé ìka sókè. Ó ní, "Bí kókó bá wú, ẹ kọ́kọ́ wá egbò. Egbò ẹsẹ̀ ni í mú kókó itan wú, egbò ọwọ́ ni í mú ti abíyá wú. Bí ẹ kò bá rí egbò kankan, ẹ wá sọ́dọ̀ mi."

Ohun tí Sabina ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tó rí kókó náà. Ó wọlé, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bùbá, ó sì fi dígí wo apá ọ̀tún láti èjìká dé ọwọ́. Iná kò jó o. Ọ̀bẹ kò bu ú. Àtàǹpàkò rẹ̀ wú díẹ̀ ní ibi tí ẹ̀gún ẹja ọ̀bọ̀kún ti gún un lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì kọjá lórí ibẹ̀ láìdúró. Kò sí egbò, ó wí fún ara rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ bí ó ṣe rí gan-an, nítorí pé ẹni tí kò yan ẹja rí lè sọ pé òmùgọ̀ ni. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún mẹ́ta tó le bí irin, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí aláyan-ẹja tí kì í gún. Bó bá gún ẹnì kan lára wọn, yóò fa á yọ, yóò na ìka sójú èéfín, yóò ta àdín gbígbóná sí i, yóò sì mú ẹja mìíràn. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá sunkún nítorí rẹ̀, wọn yóò bi í bóyá aṣọ ló fẹ́ máa tà. Lójú wọn, egbò ni ohun tí ọ̀bẹ tàbí iná ṣe. Ohun tí ẹja ṣe, iṣẹ́ ni.

Bí Sabina kò ti rí egbò, ọkàn rẹ̀ fò lọ síbi kan ṣoṣo. Nígbà tó bí Wonder, ní ọdún tí àwọn ológun ṣì wà lórí oyè, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣú. Ilé ìwòsàn kótópó kan ni, èyí tí wọ́n ti pa dé báyìí. Ó rántí pé òun lajú, òun rí àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí òun, òun sì gbọ́ tí dókítà ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lóde pé kó má tíì lọ, bóyá àwọn yóò tún gbà sí i. Kò rí ojú ọkùnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Falilat kọ́ wọn pé dandan ni kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó wọ ara ẹlòmíràn, kí irú rẹ̀ bá ara mu, kí àrùn má sì sí nínú rẹ̀, Sabina nìkan ni kò béèrè ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ọmú sì ni ó fún Wonder títí tó fi rìn.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ya ife ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó gbé ẹní Wonder lọ sí yàrá ìyá Mákánjúọlá. Ó mọ̀ pé éèdì kì í ti inú ife ran ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ti orí ẹní ran ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ti fi ohùn gíga kọ́ àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le, ọ̀tọ̀ ni ohun tó lè dì mú nígbà tí ẹ̀rù bá bà á.

"Ìyá Wonder," Mákánjúọlá bi í níbi tó ti ń di àwọ̀n tó ya, "kí ló dé tí ọmọ fi ń sùn lọ́dọ̀ ìyá mi?"

"Ooru ń mú mi."

"Ooru? Nínú òjò yìí?"

"Bàbá Wonder, mo ní ooru ń mú mi."

Ó wò ó, ó sì padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Sabina rò pé ó ti fura. Ó rò pé bí èsì bá jáde, yóò bi òun pé lọ́dọ̀ ta ni òun ti kó o, òun yóò sì máa sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí òun kò rí ojú rẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ibà dé. Kì í ṣe ibà ẹ̀fọn tó mọ̀, tí í wá tí í lọ; èyí kò lọ. Ó ń gbọ̀n níwájú ààrò, níbi tí iná ti ń jó nínú àgbá, tí òógùn ń bọ́ lára gbogbo àwọn yòókù. Beatrice, tí ààrò rẹ̀ kangun sí tirẹ̀, pe àwọn obìnrin.

"Ẹ wá wo ẹni tí òtútù ń mú lẹ́nu iná. Dókítà, ṣé oyún ni?"

"Oyún kọ́."

"Tó bá jẹ́ oyún, sọ fún wa ká lè tètè máa tọ́jú ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ẹ́ di dókítà lo ò ti pè wá jẹun mọ́."

Sabina rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn. Ó fi ọwọ́ òsì yí ẹja lórí wáyà, nítorí pé ọ̀tún ti wúwo bí ẹni gbé òkúta. Beatrice rí i.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀bọ̀kún ni."

"Ta àdín sí i," ni Beatrice wí, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ báyẹn, ọ̀rọ̀ tán.

Sabina kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Falilat. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn Bàrígà ló mọ̀ ọ́n. Wọn yóò ní alágbàwí àyẹ̀wò ti wá ṣe tirẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Onípanu, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó sì wọ ilé àyẹ̀wò kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì tó wà nídìí tábìlì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Àyẹ̀wò wo lẹ fẹ́ ṣe, mà?"

Ó la ẹnu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, kò jáde.

"Ti ibà," ló wí.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó lórí àga gígùn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan tó mọ̀ yóò wọlé. Nígbà tí Ọláwuyì padà dé, ojú rẹ̀ ti yí padà díẹ̀.

"Kòkòrò ibà kò sí níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó pọ̀ gan-an. Nǹkan kan wà lára yín tí wọ́n ń bá jà. Ẹ má padà sílé, ẹ lọ rí dókítà."

Ká ní ara rẹ̀ balẹ̀ ni, ì bá rántí ẹ̀kọ́ tó mọ̀ lórí: jíjẹ ni éèdì ń jẹ àwọn ọmọ ogun ara run, kì í sọ wọ́n di púpọ̀. Ohun tí ọkùnrin náà sọ yẹ kó tù ú nínú níbì kan, kó sì dẹ́rù bà á níbòmíràn. Kò gbọ́ ju "nǹkan kan wà lára yín" lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń di ògiri mú, ojú pópó sì ń yí lójú rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá délé lọ́nà yìí, òun yóò ṣubú lójú Wonder. Ìyẹn ló jẹ́ kó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn Bàrígà. Bí òun yóò bá ṣubú, ó sàn kó jẹ́ ojú Nọ́ọ̀sì ni.

Nọ́ọ̀sì Falilat ń ka abẹ́rẹ́ nígbà tó wọlé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ kíá.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mélòó kan, mà. Kókó ló wà lábíyá mi. Mo ti wá egbò, mi ò rí."

"Ẹ wá a dáadáa?"

"Kò sí egbò, mà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, omi náà sì ń bọ́ láìsí ohùn. "Wọ́n fún mi ní ẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo bí Wonder. Mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Wonder gbọ́."

Nọ́ọ̀sì fà á dé ẹnu ọ̀nà níbi tí òòrùn wà, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó sì tẹ ibi kókó náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti fi ìka méjì wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní inú apá. Lára dúdú, ojú lè má tètè rí ìlà pupa tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ń fà. Ọwọ́ ni í kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Okùn gbígbóná kan wà lábẹ́ awọ, tó le bí okùn àwọ̀n. Ó tọ̀ ọ́ kọjá ìgúnpá, ó tọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, Sabina sì ń pariwo bó ti ń lọ. Ó parí sí àtàǹpàkò. Ìka náà ti di méjì ara rẹ̀, ojú ihò kékeré kan lórí rẹ̀ sì ti dúdú.

"Kí nìyí?"

"Ọ̀bọ̀kún ni, mà."

"Mo bi yín bóyá ẹ ní egbò."

"Ọ̀bọ̀kún kì í ṣe egbò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa. Bí a bá ń pe ìyẹn ní egbò, ta ni yóò yan ẹja?"

Nọ́ọ̀sì Falilat, tí kì í pẹ́ kó tó tún ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣe, kò tún èyí ṣe. Ó ti ń pe ọlọ́kọ̀ tó wà lójúde. Nígbà tó padà wá di Sabina lápá mú, ó ti fi àwọn abẹ́rẹ́ tó ń kà sílẹ̀ láìkà wọ́n tán, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Sabina ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ.

"Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà nígbà ìbímọ, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ní pa yín lónìí. Èyí lè pa yín lónìí. Ó ti gba iṣan omi ara dé kókó, kókó ń bá a jà, àrùn náà sì ti fẹ́ borí rẹ̀. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán, kò sí ibi tí kò lè dé."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mákánjúọlá bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, tí omi ọ̀sà ṣì ń kán lára rẹ̀. Dókítà wo ọwọ́ náà, ó sì sọ fún Mákánjúọlá pé àwọn yóò la ìka náà kí ọyún lè jáde. Bí ẹran inú rẹ̀ bá ti kú, àwọn yóò gé ibi tó kú. Bí àwọn kò bá sì tètè ṣe é, apá ni ọ̀rọ̀ yóò kàn, lẹ́yìn apá ni ẹ̀mí. Mákánjúọlá béèrè pé ṣé ẹja ló ṣe gbogbo ìyẹn. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n gé àtàǹpàkò náà ní oríkèé òkè. Fún ọjọ́ mélòó kan, oògùn ń kán wọ iṣan rẹ̀ láti inú àpò tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí rẹ̀, bó bá sì ti lajú tó rí àpò náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, títí tí ẹnì kan yóò fi sọ fún un pé omi oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ibà rọlẹ̀, Nọ́ọ̀sì Falilat wá bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì, èyí tí kò lè dárúkọ ní Onípanu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó wá wo Mákánjúọlá, tó jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kò rí ojú rẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá.

Mákánjúọlá dìde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo bẹ ọkùnrin náà pé kó fún ẹ ní ẹ̀jẹ̀," ó wí. "Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi rí. Èrò mi ni pé o ti mọ̀. Kí wọ́n fa tèmi náà."

Dídúró de èsì ni ó burú jù. Bí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ funfun bá ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù, Sabina yóò máa wo ojú rẹ̀, yóò máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Falilat dé, ó jókòó, Sabina sì rò pé ẹni tó bá jókòó, ọ̀rọ̀ búburú ló gbé wá.

"Kò sí," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Kí ni kò sí, mà?"

"Éèdì. Mo pè é lórúkọ kó lè yé yín dáadáa. Éèdì kò sí lára yín, kò sí lára ọkọ yín."

"Wonder ńkọ́?"

"Ohun tí kò sí lára yín, ẹ kò lè fún un."

Sabina ní kó tún un sọ. Nọ́ọ̀sì tún un sọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, láìbínú.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ojú ibi tí wọ́n gé san. Ìka mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ó fi ń mú ẹja ní ọwọ́ ọ̀tún báyìí, ó sì ń lọ́ra. Ó ṣì ń kọ́ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n kì í bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ó ní egbò. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé kí ló gún wọn, kì í sì í dúró de èsì kó tó di ọwọ́ wọn mú. Àwọn kan ń sá fún un. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè yan ẹja níwájú rẹ̀ mọ́, pé bí ẹja bá wo ènìyàn lásán, Sabina yóò ní kó lọ gba abẹ́rẹ́. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rí ìka dúdú kan lójú oorun kó tó lajú láàárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹja pọ̀, Beatrice fi ààrò rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sabina. Kò pè é ní dókítà, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Àná ni," ó wí. "Ó ń ta mí dé ìgúnpá."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i. Sabina gba ọwọ́ náà, ó yí i sójú òòrùn, ó sì fi ìka méjì bẹ̀rẹ̀ láti abíyá wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń wá okùn gbígbóná lábẹ́ awọ.